Òdòdó Tíṣà Lójú Ààlà

Ní abúlé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́, lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, òdòdó tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Igi rẹ̀ ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ là bí ọmọ ìka ọwọ́, òdòdó rẹ̀ pupa bíi pupa ẹyin, ó sì máa ń tanná nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ ò tíì dé. Lónìí, kò sí etí títì tí kò sí láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Àwọn kan ń pè é ní jogbo nítorí pé ó korò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Ní abúlé yẹn, òdòdó tíṣà ni, èmi sì ni tíṣà náà.

Ẹ má rò pé mò ń yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá já òdòdó yìí sínú ìgò omi, tó gbé e síwájú mi, màá ní kó gbé e kúrò. Àwọn ọmọ mi mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí nígbà kan pé kí ni òdòdó ṣe fún mi. Mo ní òdòdó ò ṣe mí ní nǹkan kan, èmi ni mo ṣe nǹkan. Kò yé e, mo sì ní kó lọ fọ abọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Ọmọ ahunṣọ ni mí, ní Ìsẹ́yìn. Ìyá mi ń ran òwú, bàbá mi ń hun aṣọ òkè. Iwájú ilé wa ni wọ́n ti ń na òwú gbọọrọ sílẹ̀, àwọn èèyàn á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ gbé kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Bí fọ́nrán kan ṣoṣo bá wọ́, bàbá mi á pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ojú mi: ohun tó bá wọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. A kì í ṣe àgbẹ̀. Iṣu tí à ń jẹ, ọjà la ti ń rà á, n kò sì bi ẹnikẹ́ni rí pé oko ta ni wọ́n ti wà á. Mi ò fi èyí ṣe àwáwí o. Àlàyé ni mò ń ṣe.

Ó tó bí ọdún méjì kí àwọn ológun tó gbé ìjọba fún àwọn alágbádá nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Túù, tí wọ́n gbé mi lọ sí abúlé náà. Ọmọbìnrin ọdún méjìlélógún ni mí, ẹnu mi sì mú. Nígbà tí mò ń di ẹrù mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo gé lára igi òdòdó tó yí ilé ìjẹun wa ká, bí wọ́n ti ń gé igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn. Mo kó o sínú àpò tí mo ti fi omi rin. Awakọ̀ tó gbé mi láti Ṣakí bi mí pé ṣé ibi tí mò ń lọ ò ní igi ìdáná ni. Mo ní kó máa wa mọ́tò rẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé e lọ ni pé wọ́n ti sọ fún mi pé ọgbà ilé ìwé náà ṣófo. Òótọ́ ni. Ewúrẹ́ abúlé yẹn, ẹ gbà mí! Wọ́n ń jẹ ewé, wọ́n ń jẹ páálí, wọ́n jẹ èèpo ìwé orúkọ kíláàsì mi lójú mi kòrókòró. Ọ̀gá ilé ìwé sọ fún mi pé òun ti gbin òdòdó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ewúrẹ́ sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kí ó máa wò mí. Mo kan èèkàn méjì, mo na okùn láàárín wọn, mo sì gbin igi mi lẹ́sẹẹsẹ tẹ̀ lé okùn náà. Nígbà tó rúwé, àwọn ewúrẹ́ dé. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀kan bù ú jẹ, ó tu ú dànù, ó sì ń gbọnrí bí ẹni tó mu àgbo láìrò tẹ́lẹ̀. Wọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná tí àwọn ọdẹ fi sí ọ̀dàn jó o kanlẹ̀, a ní ó ti parí. Òjò méjì péré ló rọ̀, ó ti tún rú. Bó ṣe di òdòdó tíṣà nìyẹn, orí mi sì wú ju ti òdòdó lọ.

Ilé bàbá kan ni mo ń gbé, àgbẹ̀ pàtàkì, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun Jímọ́ọ̀ ṣeré. Orí kẹ̀kẹ́ ló máa ń wà lọ sí Àgọ́-Àrẹ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ìjọ ni èmi, àmọ́ a kì í bá ara wa jiyàn ẹ̀sìn. Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Bàbá yìí gbé mi lé orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò gùn ún, nítorí pé mi ò lè jókòó dáadáa. Ó fi ọwọ́ kan tì mí lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kejì ti kẹ̀kẹ́ láti abúlé títí dé dìsípẹ́ńsárì Àgọ́-Àrẹ. Oòrùn ń mú, ó ń làágùn, ó sì ń sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, a ti fẹ́ẹ̀ dé.” A ò fẹ́ẹ̀ dé rárá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní ọmọ mi, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Bàbá yìí ní àbúrò kan, bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Oko wọn fara kan ara wọn. Bàbá wọn tó ti kú ló pín ilẹ̀ fún wọn lójú ayé rẹ̀, ó sì gbin pèrègún sójú ààlà, bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ọ̀dàn jó ní ọdún kan débi pé pèrègún kú tán. Ojú àwọn méjèèjì ló kù tó mọ ibi tí ààlà gbà: láti ibi àpáta ńlá kan létí ọ̀nà, gba ara òkìtì ọ̀gán kan, títí dé odò. Òkìtì ọ̀gán náà sì ti ń wó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá onílé mi bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, “Ọmọ mi, òdòdó rẹ tí iná ò lè pa, tí ewúrẹ́ ò lè jẹ yìí, ṣé o lè fún mi níbẹ̀ kí n fi ṣe ààlà?” Inú mi dùn débi pé ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù. Mo ní mi ò ní fún un lásán, èmi fúnra mi ni màá wá bá a gbìn ín.

Àbúrò rẹ̀ ò sí nílé nígbà náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù kan ní Ṣakí, ìyàwó rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ gbin ààlà kí òjò tó lọ. Àbúrò dáhùn pé, “Kí ẹ̀gbọ́n mi gbìn ín síbi tí bàbá wa fi í sí. Ojú kan náà la jọ fi rí i.” Ìṣojú mi ni ẹni tó jíṣẹ́ náà ti jẹ́ ẹ.

A lọ sóko ní ọjọ́ Sátidé, èmi, bàbá, àti igi òdòdó tó kún agbọ̀n méjì. Mo mú okùn mi àti èèkàn mi lọ́wọ́. Láti ibi àpáta, nǹkan ń lọ geere. Nígbà tí a dé ìdí igi irúgbá kan, bàbá dúró. Ó fi àdá nàka, ó ní, “Níhìn-ín, ààlà yà. Ó gba ibi òkìtì ọ̀gán tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tán yẹn, ní apá tiwa lẹ́yìn igi yìí, ó wá ṣẹ́rí padà sọ́nà odò.” Mo wo okùn mi. Bí a bá fà á tààrà, iwájú igi ló máa gbà, igi náà á bọ́ sọ́dọ̀ bàbá. Bí a bá yà á bó ṣe wí, ó máa yọ gọngọ síta bí ikùn aboyún. Ojú mi ò gbà á.

Mo ní, “Bàbá, bí a bá yà á, kò ní wuyì o. Ẹ jẹ́ ká fà á gún. Ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ló tó?”

Ó wo igi náà. Ó wo okùn. Ó wo èmi náà.

“Ìwọ lo mọ̀wé,” ó ní.

Bí a ṣe gbìn ín gún nìyẹn. Nígbà tí a dé etí odò, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹsẹ̀ igi tó tò tọ́ọ́rọ́ láti àpáta wá. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo rò ó lọ́kàn pé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ìbá gbóríyìn fún mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé igi irúgbá yẹn ní olúwa rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó àbúrò yìí wọlé bí ìyàwó tuntun, ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, bàbá ọkọ rẹ̀ mú un lọ sóko, ó fi ọwọ́ lé ara igi náà, ó ní, “Tìrẹ nìyí.” Ìdí igi yẹn ló ti ń rí gbogbo irúgbá tó fi ń ṣe irú. Irú rẹ̀ lorúkọ láti abúlé wa dé Àgọ́-Àrẹ. Òun ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara ọkọ rẹ̀ ò le. Àwọn tó mọ oko mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, igi orí rẹ̀ bá a lọ. Èmi ò mọ̀. Lójú tèmi, igi kàn jẹ́ igi, ẹni tó bá fẹ́ ẹ́ á lọ ká a.

Ọdún kìíní kọjá láìsí ariwo, igi ò so dáadáa. Ọdún kejì, lẹ́yìn ọyẹ́, ó so bámúbámú, èso rẹ̀ rọ̀ dirodiro. Ìyàwó bàbá onílé mi mú ọ̀pá gígùn tó so dòjé mọ́ lórí, ó lọ ń ká a. Ìyàwó àbúrò dé, ó bá a níbẹ̀. Ariwo wọn la gbọ́ nílé ìwé.

“Igi tí bàbá ọkọ mi fún mi! Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni? Ṣebí ẹ wà níbẹ̀!”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wo òdòdó níwájú rẹ. Apá ibo ni igi wà? Bí ọkọ wa bá ti gbin ààlà, kí ni kí n ṣe?”

Àwọn èèyàn lọ là wọ́n. Nígbà tí wọ́n wo ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé òdòdó náà ti hù káàkiri oko. Atẹ́gùn àti omi òjò ti gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún àti apá òsì, ó sì ti nípọn bí igbó. Abúlé wá rí àlàyé tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn: òdòdó tíṣà ló rìn. Ó kúrò níbi tí wọ́n gbìn ín sí, ó rìn kọjá igi. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Òdòdó ni. Kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tó ti rìn wá, igi bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ká a.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan bi mí létí kànga pé, “Tíṣà, ṣé òdòdó yín yìí máa ń rìn ni?”

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dájú, bí mo ti mọ orúkọ mi. Mo rí okùn náà lójú mi. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ létí kànga náà, gbogbo wọn ń wò mí, èmi tíṣà, èmi tó mọ gbogbo nǹkan.

Mo ní, “Ó máa ń rìn.”

Ẹ wò ó, mo ti bi ara mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé kí ló dé. Ojú ń tì mí, ìyẹn kìíní. Èkejì ni bàbá yìí. Báwo ni màá ṣe dìde lójú ayé kí n sọ pé ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ dé Àgọ́-Àrẹ nítorí tèmi wà níbẹ̀, ó mọ ibi tí ààlà gbà, ó sì dákẹ́? Mo ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ ná. Mo ní àwọn àgbà á parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá ti sọ pé kó rọlẹ̀ ná, kì í pẹ́ tó fi ń di ọdún.

Ó di ọdún lóòótọ́. Ìyàwó àbúrò ń jí lọ sí ọ̀dàn tó jìnnà, ní ìdí àwọn irúgbá tí kò lólúwa, ó ń bá àwọn Fúlàní àti ọ̀bọ du èso. Bí kò bá rí níbẹ̀, ó di ọjà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dín kù. Nílé tiwa, ìyàwó bàbá ń se irúgbá, òórùn rẹ̀ ń gba ilé kan. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi irú náà sè, mo jẹ ẹ́. Ó dùn, mo sì tún ń bù sí i. Àwọn bàbá méjèèjì tí wọ́n ti máa ń jọ ṣínu nínú àwo kan náà nígbà ààwẹ̀ wá ń jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà Iléyá, ẹran ò ti ilé kan dé ilé kejì mọ́.

Ilé ìyàwó àbúrò yìí wà lójú ọ̀nà ilé ìwé. Àárọ̀ àti ọ̀sán ni mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ mi, ẹ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. “Ẹ káàárọ̀, tíṣà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o.” Èmi náà á kúnlẹ̀ kí i. Kò bi mí ní nǹkan kan rí. Ìbá bi mí, bóyá ìbá sàn.

Nígbà tó di ọdún karùn-ún tí a gbin ààlà, àbúrò ní òun ò lè gbà mọ́. Ara rẹ̀ ti le dáadáa nígbà náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, ó ní bí òdòdó bá rìn, kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá, kí ìyàwó òun sì gba igi rẹ̀. Bàbá onílé mi ní òdòdó ò rìn, ibi tí òun gbìn ín sí náà ló wà. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí.

“Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ bá a gbìn ín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ṣé ibi tó fi hàn yín lẹ gbìn ín sí?”

Mo ní, “Ibi tí a jọ fẹnu kò sí ni.”

Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Èmi tí mò ń na ọmọ nítorí irọ́. Baálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀rọ̀ alákọ̀wé dùn ún gbọ́.

Àgbà kan nínú wọn ló wá mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní igi kì í purọ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ gbìn ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ á ti nípọn. Èyí tó hù fúnra rẹ̀ á ṣì tín-ín-rín. Kí wọ́n lọ ṣán oko náà, kí wọ́n wo ibi tí ìdí ńlá wà. Bí ó bá wà lẹ́yìn igi irúgbá, òdòdó rìn lóòótọ́. Bí ó bá wà níwájú igi, òdòdó ò rìn, ibi tí wọ́n gbìn ín sí náà ló wà. Gbogbo wọn ní ọgbọ́n àgbà nìyẹn.

A lọ lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa. Àwọn ọkùnrin ṣán òdòdó náà lulẹ̀, ó ti tanná pupa kalẹ̀, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ìdí kìíní, ó nípọn bí itan ọmọdé. Wọ́n rí ìkejì, wọ́n rí ìkẹta. Wọ́n ń tẹ̀ lé e láti ibi àpáta bọ̀, ó sì tò tọ́ọ́rọ́. Ó gba iwájú igi irúgbá, kò yà sí ibì kankan. Lẹ́yìn igi, àwọn wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, tí ọwọ́ kan lè fà tu.

Àgbà náà na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Òdòdó ò rìn.”

Ojú gbogbo wọn yí padà sí àbúrò. Ó dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. “Wàláhì, lẹ́yìn igi ni,” ó ní. “Lẹ́yìn igi ni bàbá wa fi í sí.” Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ti ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ jẹ́, wọ́n ní, ó pe àgbàlagbà tó ń kírun ní olè ilẹ̀. Baálẹ̀ ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ sì kúnlẹ̀ kó tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ igi yìí sì tán títí ayé.

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, sórí òdòdó tí wọ́n ṣán lulẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bọ́ fìlà, ó fọwọ́ lélẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

Ibẹ̀ ni mi ò ti lè mú un mọ́ra mọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo ní, “Ẹ má dọ̀bálẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dọ̀bálẹ̀! Èmi ni!”

Wọ́n rò pé nǹkan bù mí jẹ. Mo sọ ọ́ tán níbẹ̀: okùn, èèkàn, bí mo ṣe ní kò ní wuyì. Mo ní lẹ́yìn igi ni bàbá fi hàn mí, èmi ni mo fà á gún. Mo ń sunkún, imú mi ń dà, mi ò rí gèlè mi níbi tó ṣubú sí. Baálẹ̀ ní, “Tíṣà, ẹ ní kí ni?” Mo tún un sọ.

Ẹnì kan ní bóyá wọ́n ti fún mi ní nǹkan kí n lè purọ́ mọ́ bàbá. Bàbá onílé mi gbọ́ ìyẹn, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ọmọ yìí ò purọ́,” ó ní. “Èmi náà wà níbẹ̀. Mo rí i pé okùn ti gbé igi fún mi. Mo ní jẹ́ kí n wò ó bóyá àbúrò mi á bínú. Nígbà tó bínú, ojú ti ń tì mí láti dá a padà. Nígbà tí ẹ wá ní òdòdó ló rìn, mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí.” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Dìde. Mo jẹ̀bi rẹ.”

Wọ́n jọ dì mọ́ra. Àwọn èèyàn ń ṣe Alihamudulilahi. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti to òkúta yí ẹ̀yìn igi ká, ó wọ́ bí ó ti yẹ kó wọ́. Kò sẹ́ni tó bú mi. Bàbá onílé mi tilẹ̀ ní kí n jẹun, mi ò lè jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ìyàwó àbúrò. Ó ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sójú ilẹ̀ tó ti gbá, mo ní kó foríjì mí. Ó ní kí n dìde, pé aṣọ mi ń gba iyẹ̀pẹ̀. Mi ò dìde. Ó dúró, ó wò mí. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan kan lóòótọ́.

“Tíṣà,” ó ní, “mi ò bá bàbá jà mọ́. Ó fẹ́ igi, ó mú igi. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ irúgbá, ó rí irúgbá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọdún mẹ́ta lẹ fi ń kọjá níbí, tí ẹ mọ̀ ọ́n, tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí mi lọ́sàn-án. Kí lẹ rí jẹ níbẹ̀?”

Ó tẹ̀ba, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ yí mi ká.